Ìmọ̀ Ìṣesí Ọmọ nínú Ìkọ́ṣẹ́ Olùkọ́: Ohun tí Ìsàlẹ̀ Èkó Kọ́ Wa

ÌFÁÁRÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe yìí wà lẹ́nu gbogbo àwa olùkọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí a bá wo bí a ṣe ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ lọ́la níṣẹ́, yóò dà bí ẹni pé ìdajì òwe náà ni a gbà gbọ́. A gbà pé àgbà gbọ́n. A kò fi bẹ́ẹ̀ gbà pé ọmọdé gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ojú wa rí. Ní ọjọ́ kan, a lọ wo olùkọ́ akọ́ṣẹ́ kan nígbà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní T.P., ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Erékùṣù Èkó. Ìṣirò ni ó ń kọ́ kíláàsì kẹrin. Ó kọ ọ́ sí ojú pátákó pé kí àwọn ọmọ yọ 350 kúrò nínú 500. Ọmọkùnrin kan tí ó jókòó nítòsí fèrèsé kọ 150, kò sì kọ ohun mìíràn sí i. Olùkọ́ akọ́ṣẹ́ dúró tì í, ó bi í pé: “Kí ló dé tí o fi kọ ọ́ báyìí?” Ọmọ náà wolẹ̀, kò fọhùn. Olùkọ́ tún ìbéèrè náà bi. Ni ọmọ bá mú rọ́bà, ó pa 150 náà rẹ́. Olùkọ́ akọ́ṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé ọmọ yìí kò mọ ìyọkúrò, àti pé ó jọ pé ìwé ẹlòmíràn ni ó wò.

Nígbà tí aago ìsinmi lù, a pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. A kò bi í ní kí ló dé. A ní: “Bí oníbàárà bá ra ọjà N350 lọ́wọ́ ìyá rẹ, tí ó fún ọ ní N500, ka ṣéńjì rẹ̀ fún un kí a gbọ́.” Kò rò ó lọ títí. “N350 rèé. N50 sọ ọ́ di N400. N100 sọ ọ́ di N500.” Ẹbúté Èrò ni ìyá rẹ̀ ti ń tajà, ọmọ yìí ni ó sì ń bá a ka ṣéńjì lẹ́yìn ilé-ìwé.

Olùkọ́ akọ́ṣẹ́ tí a ń wí yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó wà lára àwọn tí ó gba máàkì tí ó ga jù nínú ìdánwò nípa ìrònú àti ìṣesí akẹ́kọ̀ọ́. Ó lè ka ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Piaget là sílẹ̀ láìṣi ọ̀kan. Àwa gan-an ni a sì kọ́ ọ. Nítorí náà, bí ẹ̀bi bá wà, ọ̀dọ̀ wa ni kí a ti kọ́kọ́ wá a. Ohun tí a fẹ́ fi yé ẹ̀yin olùkọ́ àti olùdánwò ẹgbẹ́ wa nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ọ̀kan lọ: ìmọ̀ yìí kì í ṣe orúkọ àwọn Òyìnbó tí a ń há sórí. Ìmọ̀ bí a ṣe ń wo ọmọ tí ó wà níwájú wa ni, kí a tó dá a lẹ́jọ́.

KÍ NI ÌMỌ̀ YÌÍ?

Sàíkọ́lọ́jì ni orúkọ tí ayé ń pe ìmọ̀ tí ó ń wádìí ìrònú, ìmọ̀lára àti ìṣesí ẹ̀dá. Ẹ̀ka rẹ̀ tí ó kan ilé-ìwé ni a óò máa pè ní ìmọ̀ ìṣesí ọmọ níhìn-ín. Àwọn ìbéèrè tirẹ̀ nìwọ̀nyí: Báwo ni ọmọ ṣe ń kọ́ nǹkan? Kí ni ó ń mú un gbàgbé? Kí ni ó ń mú un fẹ́ kọ́, tàbí kí ó kọ̀ láti kọ́? Báwo ni olùkọ́ ṣe lè mọ̀ pé ohun tí òun kọ́ ọmọ ti yé e?

Iṣẹ́ kíkọ́ olùkọ́ kì í ṣe ohun àjèjì ní Èkó. Ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ìjọ C.M.S. dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1853 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ àti oníwàásù, Èkó ni wọ́n gbé e wá ní ọdún 1867, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di ọdún 1896 tí ó fi lọ sí Ọ̀yọ́, tí ó di St. Andrew's College. Láti ìgbà náà, ìwé ẹ̀rí ti yí padà lọ́nà púpọ̀. Grade II ti kógbá sílé; N.C.E. ni ó di òṣùwọ̀n tí ó kéré jù fún olùkọ́. Láti inú ìwé ẹ̀rí kan bọ́ sí òmíràn, ìmọ̀ ìṣesí ọmọ kò kúrò nínú ohun tí olùkọ́ akọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́.

Àwọn mẹ́ta ni orúkọ wọn pọ̀ jù lẹ́nu àwọn akọ́ṣẹ́ wa. Jean Piaget (1896–1980), ará Switzerland, sọ pé ìrònú ọmọ ní ìpele bí ó ti ń dàgbà, àti pé láti nǹkan bí ọdún 7 sí 11 ni ọmọ máa ń lè fi làákàyè tú ọ̀rọ̀ wò, bí ohun tí à ń sọ bá jẹ́ ohun tí ojú rí tí ọwọ́ tó. B. F. Skinner (1904–1990), ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé ìwà tí èrè bá tẹ̀ lé ni ẹ̀dá máa ń tún hù. Lev Vygotsky (1896–1934), ará Rọ́ṣíà, tẹnu mọ́ ọn pé láàárín àwọn ènìyàn àti nínú èdè ni ọgbọ́n ọmọ ti ń hù. Ó ní ohun kan wà tí ọmọ lè dá ṣe, òmíràn wà tí kò lè ṣe àfi bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù ú lọ bá ràn án lọ́wọ́. Àárín méjèèjì yìí ni kí olùkọ́ ti máa ṣiṣẹ́. Ta ni ó gbọ́ èyí nínú wa tí kò ní rántí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ?

ỌMỌ KÌ Í BỌ̀ LỌ́WỌ́ ÒFÌFO

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí olùkọ́ akọ́ṣẹ́ ń ṣe ni pé ó gbà pé ọmọ bọ́ sí kíláàsì lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó dáadáa. Kí ó tó di aago mẹ́jọ òwúrọ̀ tí yóò wọ kíláàsì, ó ti kí àgbà bíi mẹ́wàá nínú agboolé, ó sì mọ ẹni tí òun yóò dọ̀bálẹ̀ fún àti ẹni tí òun yóò kí ní ìdúró. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ilé kéwú, ó ti mọ bí a ṣe ń há ọ̀rọ̀ gígùn sórí láti ojú wàláà. Bí ó bá ń bá ìyá rẹ̀ lọ sí Jankara, Ìdúmọ̀tà tàbí Balógun, ó ti gbọ́ Yorùbá, Ègùn, Haúsá, Ìgbò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ojú títì láàárín wákàtí kan, ó sì mọ èyí tí a fi ń dá ẹnìkọ̀ọ̀kan lóhùn.

Bí ó bá ti wo Ẹ̀yọ̀ rí, kò sí ẹni tí ó ń kọ́ ọ pé àkẹtẹ̀ dúdú ni ti Adímú, pupa ni ti Làbà, yẹ́lò ni ti Oníkò, àwọ̀ ewé ni ti Ológèdè, àti pé àwọ̀ elésè àlùkò ni ti Àgéré. Ó mọ̀ pé aṣọ funfun ni gbogbo wọ́n jọ ń wọ̀, àkẹtẹ̀ ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá wọ bàtà tàbí tí ó di sùkú kò gbọdọ̀ pàdé wọn. Pípín nǹkan sí ọ̀wọ́ nípa ohun tí ó so wọ́n pọ̀ àti ohun tí ó yà wọ́n, tí Piaget kà sí àmì pé ìrònú ọmọ ń gbèrú, ọmọ yìí ti ń ṣe é ní Ìta Fàájì àti Ẹnu-Ọ̀wá. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí a bá bi í ní kíláàsì pé kí ó pín ewé tàbí ẹranko sí ọ̀wọ́, tí kò sì tètè dáhùn, a ó ní orí rẹ̀ kò pé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, tí a bí ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní ọdún 1923, tẹnu mọ́ èyí. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà tí ó jáde ní ọdún 1974, ó ka ohun méje tí ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ wà fún, lára wọn ni ìlera ara, ìwà rere, ọ̀wọ̀ fún àgbà, ọgbọ́n orí àti iṣẹ́ ọwọ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹ̀kọ́ ti wà kí ilé-ìwé tó dé. Ó kù sọ́wọ́ olùkọ́ láti mọ ibi tí ẹ̀kọ́ ilé dé kí ó tó gbé tirẹ̀ lé e.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ó DI ÌBÁWÍ

Kí ni ó dé tí ọmọkùnrin yẹn fi pa ìdáhùn tí ó tọ̀nà rẹ́? Ìwádìí kan tí Patricia Greenfield ṣe láàárín àwọn ọmọ Wolof ní Sẹ̀nẹ̀gà, tí ó sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1966, lè là wá lójú. Ó lo ìdánwò Piaget: a bu omi sínú ife méjì tí ó dọ́gba, a wá da omi inú ọ̀kan sínú ife tín-ín-rín gíga, a bi ọmọ bóyá omi náà ṣì dọ́gba.

Ohun méjì ni ó rí tí a fẹ́ kí gbogbo olùdánwò fi sọ́kàn. Èkíní, nígbà tí ó bi àwọn ọmọ tí kò lọ ilé-ìwé pé kí ni ó mú wọn rò pé omi kan pọ̀ ju èkejì lọ, wọ́n dákẹ́. Nígbà tí ó yí ìbéèrè padà, tí ó ní kí ni ó mú omi yìí pọ̀ ju èkejì lọ, wọ́n dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Èkejì, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ da omi náà, àwọn ọmọ kan ní ó pọ̀ sí i nítorí pé òun ni ó dà á, bí ẹni pé àgbà àlejò lè pa idán. Nígbà tí ó gbé ife fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fọwọ́ ara wọn dà á, púpọ̀ sí i nínú wọn ni ó sọ pé ó dọ́gba.

Greenfield ní àlàyé tirẹ̀ lórí ìdákẹ́ yẹn. Ní tiwa, a rí ìdí kan sí i nínú èdè Yorùbá. “Kí ló dé tí o fi ṣe é?” kì í ṣe ìbéèrè lásán bí ó bá ti ẹnu àgbà jáde sí ọmọdé. Ìbáwí ni. Ọmọ tí ó fọ́ àwo ni a ń bi bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa nílé kì í dáhùn rẹ̀; ojú ilẹ̀ ni yóò máa wò, yóò sì wá ọ̀nà láti tún ohun tí ó ṣe ṣe. Ohun tí ọmọkùnrin yẹn ṣe gan-an nìyí. Olùkọ́ akọ́ṣẹ́ rò pé òun ń wádìí ìrònú. Ọmọ gbọ́ pé wọ́n ń bá òun wí. Ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ ni ó hàn, a sì kà á sí àìmọ̀kan.

Àtúnṣe rẹ̀ kò nira. Dípò “Kí ló dé tí o fi kọ ọ́ báyìí?” kí olùkọ́ sọ pé: “Fi hàn mí bí o ṣe ṣe é,” tàbí “Kọ́ ẹnìkejì rẹ bí o ṣe rí i.” Nínú ìdánwò Yorùbá pẹ̀lú, “Ṣàlàyé ìdí tí akọni inú ìtàn yìí fi sá kúrò nílé” yóò mú ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ọmọ ju “Kí ni ó mú ọ rò pé akọni yìí ṣe ohun tí ó tọ́?” lọ. Èyí kò wí pé kí a má bi wọ́n ní èrò ọkàn wọn. Ó yẹ kí a kọ́ wọn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì ná, kí wọ́n má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

ÌṢIRÒ OJÚ ỌJÀ ÀTI ÌṢIRÒ OJÚ PÁTÁKÓ

Kì í ṣe Ẹbúté Èrò nìkan ni irú ọmọ yẹn wà. Ní ọdún 1985, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann tẹ ìwádìí kan jáde nípa ọmọ márùn-ún, ẹni ọdún 9 sí 15, tí wọ́n ń tajà ní ojú pópó ìlú Recife ní Brazil. Níbi tí wọ́n ti ń tajà, nǹkan bí ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣirò tí wọ́n ṣe ni ó tọ̀nà. Nígbà tí a fi irú ìṣirò kan náà ṣe ìbéèrè tí ó ní ìtàn nínú, ó di nǹkan bí ìdá 74. Nígbà tí a kọ ọ́ ní òǹkà lásán bí ti ilé-ìwé, ó já sí nǹkan bí ìdá 37. Ọmọ kan náà ni, orí kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ọ̀nà tí a gbà bi í.

Àwọn ọmọ Recife kì í yọ nǹkan kúrò bí ti ojú pátákó. Wọ́n ń ka owó gòkè, bí ọmọkùnrin wa ti kà á láti N350 dé N500. Ọ̀nà yìí kò sì jìnnà sí ti èdè wa. Òǹkà Yorùbá fúnra rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ lé ibi tí ó dúró ṣinṣin, ó sì ń wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀: márùndínláàádọ́ta ni àádọ́ta tí ó dín márùn-ún. Olùkọ́ tí ó bá mọ èyí yóò kí ọmọ náà kú iṣẹ́, yóò wá fi ọ̀nà ojú pátákó hàn án gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà kejì.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe àsọdùn. A kò sọ pé kí ọmọ fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ sí ọjà. Ìṣirò ojú ọjà kò lè gbé ọmọ dé ibi gbogbo. Nígbà tí òǹkà bá di ńlá, tí kò sì sí owó lọ́wọ́ tí a lè kà, ọ̀nà àkọsílẹ̀ ni yóò gbà á. Ohun tí a ń sọ ni pé afárá ni a nílò, kì í ṣe kí a wó bèbè kan.

Ọ̀RỌ̀ ÈDÈ KÀN WÁ GBỌ̀NGBỌ̀N

Bí ó bá jẹ́ nínú èdè ni ọgbọ́n ti ń hù, a kò lè yọ Yorùbá sẹ́yìn. Ní ọdún 1953, UNESCO ti kéde pé èdè abínibí ni ó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Ní ọdún 1970, Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's ‘A’, Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì di iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tirẹ̀ ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin. Wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ nínú àwọn iṣẹ́ kan.

Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ìlànà lè lọ, kí ó sì tún bọ̀. Ọmọ tí ó wà níwájú wa kò yí padà: èdè tí ó fi ń ronú ni ó gbé wá sí kíláàsì.

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá pẹ̀lú ní ẹ̀bi tiwa. Ọmọ Èkó kan kọ ‘ilé ẹ̀’ níbi tí ó yẹ kí ó kọ ‘ilé rẹ̀’, ó kọ ‘mi ò lọ’ níbi tí a ń fẹ́ ‘n kò lọ’. A fi gègé pupa fà á, a ní kò gbọ́ Yorùbá. Rárá o. Ó gbọ́ Yorùbá. Èyí tí à ń sọ lẹ́nu ni ó kọ. Àṣìṣe rẹ̀ tẹ̀ lé òfin, ó yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò mọ̀ rárá. Bákan náà ni àmì ohùn. Ọmọ tí kò lè fi àmì sórí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣi wọ́n pè láé. Ìmọ̀ náà wà ní etí rẹ̀, kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀. Kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti etí: kí ọmọ gbọ́ ọ, kí ó fi ẹnu kọ ọ́ ní dò, re, mí, kí ó tó fi gègé kọ ọ́.

BÍ A ṢE LÈ KỌ́ Ọ, TÍ A SÌ LÈ DÁN AN WÒ

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni a ní. Èkíní, kí olùkọ́ akọ́ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé ọmọ kan ṣoṣo fún odidi sáà kan, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn òbí rẹ̀: ní kíláàsì, nídìí eré, nínú agboolé, ní ilé kéwú tàbí ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀. Kí ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ó sì ya ohun tí ó rí sọ́tọ̀ sí ohun tí ó rò.

Èkejì, kí olùdánwò yé bèèrè ohun tí ẹni tí kò rí ọmọ rí lè há sórí. “Dárúkọ ìpele mẹ́rin tí Piaget là sílẹ̀” kò sọ fún wa bóyá ẹnìkan lè kọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a máa bèèrè báyìí: “Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan kọ ìdáhùn tí ó tọ̀nà láìfi ọ̀nà rẹ̀ hàn. Nígbà tí o bi í, ó dákẹ́. Sọ ohun mẹ́ta tí ìdákẹ́ yìí lè túmọ̀ sí, àti bí o ṣe máa mọ èyí tí ó jẹ́.” Ẹni tí ó bá dáhùn èyí dáadáa ti mọ Piaget, ó sì ti mọ ọmọ.

Ẹ̀kẹta, kí àwa tí à ń lọ wo T.P. máa wo ọmọ pẹ̀lú, kì í ṣe olùkọ́ akọ́ṣẹ́ àti ìwé ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ nìkan. Àwọn kan yóò wí pé kíláàsì kún jù. Òótọ́ ni, ìṣòro ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi sáà kan wo ọmọ kan dáadáa, ojú rẹ̀ yóò ti là sí àádọ́ta.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọmọ lè mọ nǹkan kí ó má lè sọ ọ́, pé ìbéèrè lè di ìbáwí, àti pé ọ̀nà tí a gbà dán ọmọ wò lè bo ọgbọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀. Olùkọ́ akọ́ṣẹ́ tí a sọ ìtàn rẹ̀ padà lọ sí kíláàsì náà lọ́jọ́ kejì. Ó pe ọmọkùnrin yẹn jáde, ó ní kí ó fi bí wọ́n ṣe ń ka ṣéńjì ní Ẹbúté Èrò han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà parí, olùkọ́ mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó fa igi sí ohun tí ó kọ lánàá. Máàkì tí a fún un fún fífa igi yẹn ju èyí tí a fún un nínú ìdánwò lọ.